Àga Kékeré Lẹ́bàá Ọgbà Bátìrì

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Ọmọ mi tó wà lókè òkun,

Ṣé o ń bẹ? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Àwa wà láàyè níbí, ọmọ rẹ wà láàyè, ẹnu rẹ̀ sì wà láàyè ju gbogbo wa lọ. Láàárọ̀ yìí ó bi mí bóyá ìwọ náà máa ń tọ̀ sílé níbẹ̀. Mo ní kó kọ̀wé bi ọ́. Ó ní lẹ́tà orúkọ òun nìkan lòún ṣì mọ̀ ọ́n kọ, kí n bá òun kọ ìyókù. Mo ti bá a kọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Aláròyé kò purọ́ mọ́ ọn.

Ìròyìn wà, jókòó kí o tó kà á. Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá pátápátá ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní agbègbè wa. Ìwọ tí o máa ń sọ pé bàbá rẹ kò lè dá ìpinnu kankan ṣe, Ọ̀gá Àyíká ni gbogbo àdúgbò ń pè mí báyìí. Àga mi ń yí. Bí mo bá fẹ́ wo ìta, màá yí síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọlé, màá tún yí padà sí i, màá ṣe bí ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́. Mọ́tò wà, awakọ̀ wà, epo ni kò tíì sí.

Jọ̀ọ́, fi bàtà dúdú kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí kì í dún kò-kò-kò. Ọ̀gá kì í wọ bàtà tó ń sáré ṣáájú lọ sọ pé òun ń bọ̀.

Má fi ẹ̀gàn dá mi lóhùn o, mo mọ̀ ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Bàbá mi, Ọ̀gá Àyíká,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Kò nira fún mi, orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ nílé àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú. Ẹ sọ fún Aláròyé pé èmi kì í tọ̀ sílé, àwọn bàbá olówó tí mò ń wẹ̀ níbí ló ń tọ̀ sílé.

Ẹ kú oríire. Kí àga náà tu yín lára. Mo ti ra bàtà, ó ń bọ̀ lọ́nà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ìyá aránṣọ tó kọjú sílé wa kọ̀wé sí mi. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó wà lópin àdúgbò wa, èyí tí wọ́n ti ń fọ́ ògbólógbòó bátìrì ọkọ̀, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, kì í sinmi mọ́. Ó ní bí òun bá sá aṣọ funfun, dúdú lòún ń kó wọlé. Ó ní àwọn ọmọ òun ń bì, wọ́n sì ń di inú mú. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ yín báyìí, iṣu náà sì wà níwájú yín. Ẹ ti ibẹ̀ pa. Torí ọmọ tèmi ni mo ṣe ń sọ ọ́, kí n má purọ́ fún yín. Ilé yín kò jìnnà sí ọgbà wọn.

Mo ń retí èsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Bàtà dé. Ó há mi díẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n kò dún. O ṣeun.

O ní kí n ti ibẹ̀ pa. Ó dùn-ún wí. Ó yẹ kí o rí wa lọ́jọ́ tí a lọ. Èmi, akọ̀wé mi àti awakọ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn nítorí ọ̀rọ̀ epo. A dé ẹnu géètì, mo ka òfin sí wọn létí bó ṣe yẹ, akọ̀wé lẹ ìwé mọ́ géètì, àwọn ará àdúgbò pé lé wa lórí. Ó wá ku ká ti géètì. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti gba àgádágodo. Akọ̀wé ń wo awakọ̀, awakọ̀ ń wo ojú ọ̀run. A ò mú àgádágodo wá. Kí n má tàn ọ́, a ò tilẹ̀ ní. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bátìrì náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní ká má ṣèyọnu, ó ní kí wọ́n lọ mú tiwọn wá. Tuntun ni, ó wúwo, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń dán. A fi ti géètì, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ìgbà tí mo jókòó sórí àga mi ni mo tó rántí pé kò sí àgádágodo tuntun tó máa ń ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èéfín ti tún ń rú.

Má rẹ́rìn-ín. Gbọ́ ibi tí agbára mi mọ. Mo lè kìlọ̀ fún wọn. Bí wọn ò bá gbọ́, mo lè tún kìlọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo lè kọ̀wé sí Ọ̀gá Àgbà ní olú ilé-iṣẹ́ pé mo ti kìlọ̀. Ká já iná mànàmáná wọn, ọ́fíìsì mìíràn ló ni ín. Ká ti kòtò tí wọ́n ń da omi ẹ̀gbin sí, ọ́fíìsì mìíràn. Ọlọ́pàá ní kí n mú àṣẹ wá láti òkè. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èéfín ti lọ fún àtúnṣe láti ayé ọ̀gá tó jẹ ṣáájú mi, kò tíì dé. Mo pe Ọ̀gá Àgbà. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹnì kan ti kú ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí ló wá ń lé yín?" Ẹni tó gbé òun náà dé ipò, àwo kan náà lòun àti ẹni tó ni bátìrì jọ ń jẹ. Ẹni tó bá ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Iṣẹ́ tó fún mi ni pé kí n fi ọkàn àwọn ará àdúgbò balẹ̀. Ó ní àwọn ti yẹ iyanrìn ẹ̀bá ọgbà náà wò, kò ní nǹkan kan nínú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Èébì àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ń jẹ ìjẹkújẹ ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Bàbá,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.

Mo ka ìwé yín fún àwọn obìnrin méjì tí a jọ ń gbé yàrá kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ibùsùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀, mo sunkún, torí bàbá tó bí mi lọ́mọ ni mo fi pa àlejò lẹ́rìn-ín. Ẹ lọ yá àgádágodo lọ́wọ́ olè, ẹ fi ti ilé olè, ẹ tún kí i pé ó ṣeun. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọgbà yẹn dòní?

Ẹ ní iyanrìn ò ní nǹkan kan nínú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá dá yín lójú, ẹ gbé àga kékeré Aláròyé lọ sẹ́bàá ọgbà wọn. Kí ọmọ-ọmọ Ọ̀gá Àyíká jókòó síbẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, kó máa fi iyanrìn náà kọ́ ilé, kó máa fi ọwọ́ kan náà jẹ bisikíìtì. Àdúgbò á gbà yín gbọ́, ẹnu á sì tì wọ́n. Ẹ ò tún ní nílò àgádágodo ẹnikẹ́ni.

Bí ìtìjú bá ṣì kù lára yín, ẹ fèsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi ọlọ́gbọ́n,

Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ń sọ pé orí ìyá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló wà lọ́rùn rẹ. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Orí tèmi ni.

Inú kọ́kọ́ bí mi nígbà tí mo ka ìwé rẹ. Mo jù ú sílẹ̀, mo fi bàtà tí o rà fún mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá mo mú un, mo tún un kà, mo wá rí i pé ohun tí gbogbo olú ilé-iṣẹ́ ò rí rò ni ìwọ jókòó sínú yàrá rẹ rò. Sátidé tó kọjá, a gbé àga kékeré náà lọ. Aláròyé jókòó bí ọbabìnrin. Ó kọ́ ilé iyanrìn méjì, ó ní ọ̀kan ni tìrẹ fún ìgbà tí o bá dé. Ó jẹ bisikíìtì. Ó bi ìyá aránṣọ léèrè ìdí tó fi dijú mọ́ òun, àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo wá dìde, mo ní, "Ìyá ọmọ yìí ló kọ̀wé láti òkè òkun pé kí n gbé e wá síbí. Ṣé ìyá á pa ọmọ rẹ̀ ni?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó fẹ́ kó lọ ló tú ẹrù wọn.

Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní kí n máa ṣe é ní gbogbo Sátidé. Ó rán ayàwòrán wá, àwòrán ọmọ rẹ ti wà lára pátákó ńlá tó wà ní oríta, ó ń rẹ́rìn-ín, iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀. Epo mọ́tò ti dé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ipò ńlá fún mi.

Máa gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́,

Mi ò ní kí yín lọ títí, ẹ má bínú. Ẹ̀gàn ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kó dùn yín ni. Mo rò pé bí ẹ bá kà á, ojú á tì yín, ẹ ó sì gbé ọmọ sá. Báwo lẹ ṣe ka irú rẹ̀, tí ẹ wá lọ gbé àga?

Mo béèrè ọ̀rọ̀ òjé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wa. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní bó bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ ló ń lọ jẹ. Ó ní ohun tó bá ti jẹ níbẹ̀, kò sí dókítà tó máa dá a padà. Ó bi mí bóyá mo mọ ọmọ kan tó wà nítòsí irú ibẹ̀. Mo ní rárá. Ojú tì mí láti sọ pé ọmọ mi ni, àti pé bàbá mi ni ìjọba ní kó máa ṣọ́ ibẹ̀.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín. Àǹtí ti ní ká mú un wá, yàrá wà nílé rẹ̀, ìlú wọn mọ́. Mo fi Aláròyé sílẹ̀ fún yín nígbà tí bàbá rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ, torí mi ò ní ẹlòmíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbà pé agbára yín ò ká ilé-iṣẹ́ bátìrì. Mo gbà pé ẹ ò lè já iná, ẹ ò lè ti kòtò, ẹ ò lè pe ọlọ́pàá. Ọmọ kékeré kan ṣoṣo yìí, agbára yín ká a. Ẹ kàn gbé e lápá, kí ẹ wọ mọ́tò. Epo ti wà.

Mo bẹ̀ yín. Mi ò bẹ̀ yín rí látọjọ́ tí ẹ ti bí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Bàbá,

Mo kí yín. Ẹ ò fèsì. Àǹtí ní òun ò rí ọmọ, òun ò rí yín. Ìyá aránṣọ ní ó ṣì ń jókòó síbẹ̀ ní Sátidé.

Kí ni mo ṣe fún yín?


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé, gbogbo rẹ̀ ló dé. Mi ò fèsì torí o ń kọ̀wé sí mi bí ẹni ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Èmi ni mo bí ọ.

Máa gbọ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Àwọn ará àdúgbò yìí ò bẹ̀rù mi. Ilé-iṣẹ́ bátìrì ò bẹ̀rù mi. Akọ̀wé mi gan-an, bí mo bá pè é, ó ń kọ́kọ́ parí ẹjọ́ tó ń rò lọ́wọ́ kó tó jẹ́ mi lóhùn. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti ń jókòó sórí àga ni wọ́n ti ń kí mi lójú pópó. Òun ni gbogbo agbára tí mo ní. Bí mo bá gbé e lọ lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ní Ọ̀gá Àyíká ti gbé tiẹ̀ sá, ó fi tiwa sílẹ̀ kó kú. Gbogbo àdúgbò á dàrú, Ọ̀gá Àgbà á sì sọ pé èmi ni mo dà á rú. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé mi lọ sí olú ilé-iṣẹ́. Jẹ́ kí ọdún yìí parí ná. Tí mo bá ti dé ọ̀hún, màá gbé e lọ síbi tó dára, àtìwọ náà màá ránṣẹ́ pè.

Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Inú ń run ún. Olùkọ́ rẹ̀ ní lẹ́tà orúkọ rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kọ mọ́. Ó ti ń dákẹ́ pẹ̀lú, mi ò sì rí ibi tí ìyẹn burú sí, ilé ti rọgbọ, ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ jù níyì. Sátidé tó kọjá kò fẹ́ jókòó, ó ń bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Mo ní kí awakọ̀ di èjìká rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn díẹ̀ kí wọ́n fi ya àwòrán tán. Kò pẹ́.

Bó o bá fẹ́ pariwo kiri, o lè pariwo. Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé kí n gbé àga síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí, òun ni màá kọ́kọ́ nà sí wọn.

Bàbá rẹ ni mí síbẹ̀.


Ọjọ́ ogún, oṣù keje

Bàbá,

Mò ń bọ̀ wálé. Wọ́n ti sọ fún mi níbí pé bí mo bá jáde ní orílẹ̀-èdè yìí pẹ́nrẹ́n, mi ò lè wọlé mọ́. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà. Ẹ pa ìwé mi mọ́ dáadáa, kó má ya.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Ẹ kú ilé o, ìwọ àti ọmọ rẹ. Mi ò mọ ibi tí ẹ ń gbé, àbúrò mi ni mo fi ìwé yìí rán.

O dé, o ò dúró kí n rí ojú rẹ. Ọ́fíìsì ni mo wà, awakọ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ní o pọn ọmọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lẹ̀ torí ó ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ, o sì gba àárín àdúgbò kọjá lọ́sàn-án gangan, o ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ rí ọmọ náà lẹ́yìn rẹ. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ojúlé ló ń dirù. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin wọn lọ fa ọgbà bátìrì ya, wọ́n yí ìkòkò òjé dànù, ẹni tó ni ín sì ti gba ibòmíràn lọ. Ohun tí mo fi gbogbo agbára ìjọba ṣe tí kò ṣe é ṣe, ẹ̀yìn rẹ ló ṣe é.

Wọ́n ti yọ mí. Ọ̀gá Àgbà ní òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àga ọmọdé rí, ó ní èmi ni mo dá a rò. Wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí mi. Mo fi ìwé rẹ hàn wọ́n, wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá ìwọ lo kọ ọ́ lóòótọ́. Ọmọ mi, bá mi kọ̀wé sí wọn. Sọ pé ìwọ ni. Sọ pé mi ò ní agbára, pé wọ́n gbé mi sórí àga lásán ni. Kò sí ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ bí o bá sọ ọ́.

Kí o sì mú Aláròyé wá kí n rí i. Kò sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí mọ́, èmi nìkan ló kù. Bó bá fẹ́, kó wá máa rojọ́ sí mi létí títí di alẹ́, mi ò ní sọ pé kó dákẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá

Bàbá,

Ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Mo sọ pé èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ àga náà, kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú. Mo sọ pé ẹ ò ní agbára kankan, títí kan ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ yá àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ pé Ọ̀gá Àgbà ló ní kí ẹ máa ṣe é ní gbogbo Sátidé, mo sì fi ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ tì í lẹ́yìn. Èyí tí ẹ ti sọ pé awakọ̀ di èjìká ọmọ mú náà wà níbẹ̀. Wọn á wá bi yín.

Ẹ ní kí n mú un wá. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó lọ ti lọ. Ó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Mo ń sọ fún un pé èmi ni ìyá rẹ̀, á ní ó dáa, tó bá ṣe díẹ̀ á tún pè mí ní nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ló rántí. Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, ẹ̀yin nìkan ló ń béèrè, ẹ̀yin ló fẹ́ràn, ó sì dùn mí dé egungun.

Nígbà àkọ́kọ́ tó béèrè ibi tí bàbá àgbà wà, mo sọ fún un pé ẹ ti kú. Ó ké títí ó fi sùn. Nígbà tó jí, kò rántí, ó tún béèrè yín. Mo tún sọ fún un, ó tún bú sẹ́kún bíi pé kò gbọ́ ọ rí. Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Àǹtí ti kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n jáwọ́, kí n ní ẹ lọ sí ìrìn àjò. Mi ò tíì jáwọ́.

Ìyá Aláròyé.